Ìbà Kọ́ la Fi Ń Wọn Ohùn Ìlù

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ sì mú ní Ìṣẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí Òkè Ẹbẹdì fi dà bí òjìji lẹ́yìn ilé. Bàbá onílù tí mo wá bá kò tíì tú aṣọ kúrò lára ìyáàlù rẹ̀. Ó gbé e lé itan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Lásìkò òjò, ńṣe ni wọ́n máa ń yá ìlù níná kí awọ rẹ̀ tó le; lásìkò ọyẹ́, aṣọ ni wọ́n ń fi bò ó kí awọ má baà gbẹ kọjá ààlà kó fàya. Bàbá ń wò mí bí mo ṣe ń tú waya, bí mo ṣe gbé míkísà sórí tábìlì, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn eruku kúrò láàárín àwọn bọ́tìnì. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, èwo nínú gbogbo ojú wọ̀nyí ló ń gbọ́ràn?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí èyí tó ń gbọ́ràn níbẹ̀. Etí tèmi náà ni."

Ó mi orí. Ó ní kí n máa ṣe é lọ, òun kò kánjú.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jókòó nídìí míkísà. Yàrá méjì ni mo ní ní Ṣakí, ọ̀kan fún ẹ̀rọ, ọ̀kan fún olórin. Orin ìjọ, fújì àti ìpolówó ọjà ló ń gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó mú mi dúró nídìí iṣẹ́ yìí títí di òní, n ó ní ìlù dùndún ni, pàápàá ìyáàlù. Gìtá tí a kò gbà sílẹ̀ dáadáa ṣì jẹ́ gìtá. Etí kàn máa mọ̀ pé kò dùn tó bó ṣe yẹ ni. Ìyáàlù tí a kò gbà sílẹ̀ dáadáa lè bú ẹni tó fẹ́ yìn.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹnu ló ń pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì wọn. Ìlù kò ní ẹnu. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ní, pẹ̀lú bó ṣe ń yọ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì nígbà tí apá bá fún ọsán tàbí tó dẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń sọ ni ìlù gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀nba yẹn sọ. Ìdí nìyẹn tí àgbà onílù kì í fi sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Gbólóhùn gígùn tí ìlú ti mọ̀ ló máa ń sọ, kí ọ̀rọ̀ iwájú lè la tẹ̀yìn yé ni. Àwọn tó dàgbà nígbà tí rédíò ń fi ìlù ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ìlù náà ń pe orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ìbàdàn ní wọn ò gbọ́ irú rẹ̀, pé ńṣe ló ń béèrè ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà. Ìró kan náà ni. Ibi tí ìlù bá ti fi àlàfo sílẹ̀, etí a fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí i. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ mi bá tún jẹ díẹ̀ lára ìwọ̀nba ohùn tí ìlù ní, mo ti bá onílù fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń tò ó. Gbogbo fader, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí a ń fà sókè-sódò láti mú ohùn pọ̀ tàbí kó kéré, ni mo kọ́kọ́ ń fà wálẹ̀ pátápátá. Gbogbo gain, bọ́tìnì tó ń pinnu bí ohùn tó ń ti máíkì wọlé ṣe máa lágbára tó, mo yí i sí ìsàlẹ̀. Àwọn bọ́tìnì tó ń fi kún ohùn tó nípọn tàbí tó ń dín ohùn tín-ín-rín kù, mo dá wọn padà sí àárín gbùngbùn, níbi tí wọn kò ti bù kún un tí wọn kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. Míkísà tí ẹlòmíràn lò kẹ́yìn dà bí ìkòkò ọbẹ̀ tí a kò fọ̀. Ohun yòówù tí o bá sè sínú rẹ̀, ọbẹ̀ àná á yọjú. Mo ti rí i lọ́wọ́ ara mi pàápàá, tí mo ń wá ìdí tí ìlù fi ń dún bíi garawa fún ìdajì wákàtí, tó sì jẹ́ pé bọ́tìnì tí mo yí fún akọrin obìnrin kan lọ́jọ́ Sátidé ni n kò dá padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni waya máíkì á wọlé. Máíkì tó ń jẹ iná láti inú míkísà ń fẹ́ 48 volt. N kì í tan iná yẹn àfi bí máíkì bá ti wà nínú ihò rẹ̀, tí ọ̀nà ohùn rẹ̀ sì wà ní pípa, torí ìró gbàù tó máa ń ti ibẹ̀ jáde lè ba spíkà jẹ́, ó sì lè ṣe etí ní jàǹbá. Èyí tí mo ń kọ sí ojú awọ ìlù jù lọ kò bèèrè iná náà rárá: Shure SM57, tó ti wà lọ́jà láti 1965. Ó lágbára, kò wọ́n jù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dití. Dídití yẹn wúlò gan-an ní Ìṣẹ́yìn. Kò sí àdúgbò tí o lè jókòó sí láàárín ìlú tí o kò ní gbọ́ àwọn ahunṣọ nídìí òfì, tí òkò wọn ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀. N kò lè ní kí àwọn ènìyàn dá iṣẹ́ oòjọ́ wọn dúró nítorí tèmi. Ẹ̀yìn máíkì ni mo ń kọ sí wọn, mo sì ń kọ ojú rẹ̀ sí ìlù.

Ibi tí máíkì yóò dúró sí ṣe pàtàkì ju gbogbo bọ́tìnì lọ. Mo máa ń ní kí onílù máa lù, n ó fi ọwọ́ di etí kan, n ó bẹ̀rẹ̀, n ó sì máa yí i ká díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Ọmọdé ilé a máa rẹ́rìn-ín. Ibi tí etí bá ti sọ pé ó tó, ibẹ̀ ni máíkì ń dúró. Ó sábà máa ń jẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ojú awọ, ní ẹ̀gbẹ́, kó má wà lójú ọ̀nà kọ̀ǹgó. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ìró igi kọ̀ǹgó lórí awọ á bo ohùn mọ́lẹ̀, ṣaworo tó wà létí ìlù á máa ta sí etí bí òjò orí páànù, ohùn ìsàlẹ̀ á sì wú lódì, torí pé bí irú máíkì yìí bá ṣe ń sún mọ́ nǹkan ló ṣe ń fi ohùn tó nípọn kún un. Bó bá jìnnà jù, yàrá ni o máa gbà sílẹ̀, ìlù á wá di àlejò nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju míkísà lọ. Ní 1922, nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí máíkì níbẹ̀. Inú ìwo ńlá ni wọ́n ń kọrin sí láyé ìgbà náà, agbára ohùn olórin fúnra rẹ̀ ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń fín ojú ìda. Ọdún 1925 ni gbígba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ìwo. Kó tó dìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ni fader. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le, a ní kó sún sẹ́yìn. Ẹni tí tirẹ̀ bá rọ̀, a fà á mọ́ ìwo. Ìlù tó bá dún jù lè mú kí abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú ipa rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi ìlù sí, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ọmọ iṣẹ́ mi kan bá ti na ọwọ́ sí bọ́tìnì kó tó sún máíkì, àwọn tó lo ìwo yẹn ni mo máa ń rán an létí.

Nígbà mìíràn mo máa ń fi máíkì kejì sí ẹ̀yìn ìlù. Ìyáàlù ní ojú méjì. Kọ̀ǹgó ń lu ọ̀kan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ti èkejì. Nígbà tí awọ iwájú bá wọ inú, tẹ̀yìn á ti jáde. Máíkì méjèèjì á wá máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní òdìkejì ara wọn, bí o bá sì pa wọ́n pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á ṣàì sí. Bọ́tìnì kékeré kan wà lórí ọ̀pọ̀ míkísà tí wọ́n ya òdo tí ilà dábùú rẹ̀ sí. Òun ló ń yí ohùn kan padà kí àwọn méjèèjì lè jọ máa lọ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́, n ó tún tẹ̀ ẹ́ padà, n ó di ojú, n ó sì mú èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ ti kún. Bí kò bá dá mi lójú, máíkì kejì á padà sínú àpótí. Pípọ̀ máíkì kọ́ ló ń mú ìlù dùn. Nígbà tí olórin ará Gẹ̀ẹ́sì nì, Paul McCartney, wá ṣe àwo orin Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apapa, ní 1973, tráàkì 8, ìyẹn ọ̀nà mẹ́jọ tí a lè gba ohùn sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní. Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979 pẹ̀lú tráàkì 24, ó sì jẹ́ ohun ìyanu. Kọ̀ǹpútà tí mo gbé sínú àpò báyìí lè gbà ju ìyẹn lọ láìmí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù kan ṣì jẹ́ ìlù kan. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó to máíkì márùn-ún yí ìyáàlù kan ká, tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan láti fi mú kí márààrún dún bí ẹyọ kan.

Ibi tó ṣòro gan-an ni gain.

Ìwé tí wọ́n ń kọ nípa míkísà máa ń sọ ọ́ bí ohun tó rọrùn. Ní kí olórin ṣeré, yí gain sókè títí míta tó ń wọn ohùn yóò fi dé ibi tó yẹ, ó bùṣe. Àwọn tó kọ ọ́ kò tíì jókòó síwájú àgbà onílù ní Òkè-Ògùn. Bí o bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lù ú ká gbọ́," ìbà ni yóò jú. Yóò júbà Olódùmarè. Yóò júbà àwọn tó kọ́ ọ ní ìlù, yóò júbà Àyàn Àgalú, òrìṣà àwọn onílù, yóò júbà onílé, bóyá yóò sì bọ̀wọ̀ fún ìwọ náà tí o gbé ẹ̀rọ wá. Ìbà kì í pariwo. Orí títẹ̀ ba ni, ìlù náà á sì tẹ orí rẹ̀ ba. Bí o bá fi ohùn ìbà wọn gain, gíga ọkùnrin lo wọ̀n nígbà tó dọ̀bálẹ̀. Bó bá dìde, orí rẹ̀ á gbá àjà.

Mo ti wo míta mi tí ìlù kan náà, lọ́wọ́ ẹni kan náà, fi dB 15 ga ju ìbà rẹ̀ lọ nígbà tó dé ibi oríkì.

Ọ̀nà tí mo fi kọ́ ọ ṣì ń dùn mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá tó kọ́ mi sì jẹ́ ẹni tí téèpù tọ́ dàgbà. Téèpù ní ariwo tirẹ̀ lábẹ́, ṣíì tí kì í dákẹ́, nítorí náà wọ́n kọ́ wa pé kí abẹ́rẹ́ míta máa sún mọ́ pupa nígbà gbogbo, kí ohùn lè bo ṣíì mọ́lẹ̀. Bó bá sì wọ pupa díẹ̀, téèpù máa ń gbà á mọ́ra. Ohùn á kàn fún pọ̀, á tilẹ̀ gbóná dáadáa. Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà láìbi ara mi léèrè ohun kankan. Kọ̀ǹpútà kò ní àforítì téèpù. Òdo ni òrùlé rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kọjá òdo, ńṣe ló ń gé e pẹlẹbẹ bí ẹni fi àdá gé orí ebè, ohun tí a bá sì gé lọ báyìí kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Àgbà onílù kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí, ẹni tó ń lù fún àwọn ọdẹ, gbà kí n wá gba oríkì àwọn àgbà ọdẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó júbà. Mo wọn gain pẹ̀lú ìbà. Míta wà létí pupa dáadáa, bí ọ̀gá mi ṣe fẹ́ ẹ, inú mi sì dùn. Nígbà tó dé ibi tí ó ti ń pe àwọn òkú ọdẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, iná pupa sì tàn lórí míkísà. N kò dá a dúró. Mo rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ọmọdé ní kí àgbà dáwọ́ ìlù dúró lágbedeméjì oríkì. Nígbà tí mo délé tí mo gbọ́ ọ, ibi tí ohùn yẹ kó ti ìsàlẹ̀ yọ́ dé òkè, kìkì krà ló wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ fún onílù mìíràn pé kó sọ orúkọ tí bàbá náà pè fún mi. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, òun kò mọ ti ta ni.

Mo ní n ó padà lọ lẹ́yìn ìkórè. Bàbá náà ti dolóògbé kí ìkórè tó parí. Àwọn orúkọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ya.

Láti ọjọ́ náà, àyè ni mo kọ́kọ́ ń wá. Gbígba ohùn sílẹ̀ ní bit 24 ni mò ń ṣe báyìí. Bit kọ̀ọ̀kan ń fún ohùn ní àyè bí dB 6, bit 24 á wá jẹ́ nǹkan bí 144. Ìyẹn pọ̀ ju ohun tí etí ènìyàn ń bèèrè lọ fíìfíì. Kò sí ṣíì téèpù tí mo ń sá fún mọ́, nítorí náà kò sí ìdí tí ohùn fi gbọ́dọ̀ máa fi orí kan òrùlé. Mo ń jẹ́ kí ìlù máa sọ̀rọ̀ ní agbègbè dB -18, ìyẹn lábẹ́ òdo tó jẹ́ òrùlé, kí ibi tó ga jù lọ má sì kọjá dB -10. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ a máa sọ pé ìlà ohùn náà kéré lójú kọ̀ǹpútà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yí spíkà sókè.

Kí n lè mọ ibi tó ga jù lọ yẹn, mo ń jẹ́ kí bàbá júbà tán láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà n ó wá ní, "Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni pé Aṣẹ́yìn ló ń wọlé bọ̀ yìí." Ní Ṣakí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni n ó dárúkọ. Ìlù á gbéra. Síbẹ̀, àgbà tó mọ̀ pé ọba kò sí nílé kò ní lu gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ẹnìkan jó. Mo ń bẹ ìyá kan nínú ilé pé kó wá jó díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kó sì fi owó kan onílù níwájú orí. Ìgbà yẹn ni apá á tó fún ọsán bó ṣe ń fún un lóde ayẹyẹ. Ìgbà yẹn ni mo ń yí gain, mo tún dín in kù díẹ̀ sí i nítorí ohun tí kò tíì sọ.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Iná ọba wa ń mì ní 50 Hz, bí wáyà ilẹ̀ kò bá sì dára, ìkùn rẹ̀ á wọ inú ohùn, 50 àti 100 àti 150 pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn tẹ bọ́tìnì tó ń gé ohun tó bá rẹlẹ̀ ju 80 Hz lọ, wọ́n á rò pé ó tán. 50 á dín kù lóòótọ́. 100 ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń gbé àárín ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù. Bí o bá fẹ́ fi bọ́tìnì lé e jáde, ohùn ìsàlẹ̀ á bá a lọ, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́ta ọ̀rọ̀ Yorùbá á bá a lọ. Wáyà ilẹ̀ ni kí o tún ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń lọ, mo ti pa á tì pátápátá: bátìrì ni mò ń gbé dání, kọ̀ǹpútà àti míkísà kékeré á máa jẹ ìyẹn, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò á sì máa kùn lójúde tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà lé lórí ni ohun tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ohùn tán. Compressor, ohun tó ń dín ìyàtọ̀ àárín ohùn ńlá àti ohùn kékeré kù, dára fún akọrin fújì tó ń sún mọ́ máíkì tó ń sún sẹ́yìn. Lórí ìyáàlù, bó bá yára jù, ó ń tẹ orí ìlù mọ́lẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹgó bá lu awọ, lẹ́yìn náà á gbé gbogbo ohun tó kù sókè, ṣaworo á wá ga ju ọ̀rọ̀ lọ. Gate burú ju ìyẹn. Ó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ohùn bá ń rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ohùn ti ń rẹlẹ̀ ni yíyọ́ wà, inú yíyọ́ sì ni ìdajì ìtumọ̀ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ gbé ìyáàlù gba inú ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin ṣe, tó ń fa gbogbo ohùn lọ sí ibi tí dùùrù fẹ́ ẹ. Ó dùn létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ ọ á rí i pé gbogbo ibi tí ìlù ti ń yọ́ ti di àtẹ̀gùn, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Kí n padà sí Ìṣẹ́yìn. Bàbá tú aṣọ kúrò lára ìlù nígbẹ̀yìn. A tẹ́ ẹní sí ilẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó má kúrò lórí rẹ̀, torí onílù tí kò lè rìn pàápàá á fẹ́ jó. Ó júbà, mo dúró. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti yàrá, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ìbora léjìká nítorí òtútù, ìlù sì gbérí. Míta lọ sókè, mo dá a padà sí ibi tí mo fẹ́, mo sì ká ọwọ́ kúrò. Ó lù fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Iná pupa kò tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ilé, a ń gbọ́ òfì àwọn aládùúgbò. Nínú headphone, kò sí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Nígbà tó parí, mo fi headphone sí i létí. Ó pa ojú dé, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí ọsán bí ẹni pé òun ló ń lù nísinsìnyí, apá rẹ̀ sì ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́, tẹ̀lé ohun tó ń gbọ́. Lójijì ó la ojú. Ó ní kí n dá a padà díẹ̀. Mo dá a padà. Ó gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ headphone, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

"Mo ṣì í pè níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ọmọ ẹlòmíràn ni mo fi fún bàbá ẹlòmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbọ́ ọ nígbà tó ń lù ú, pé òun rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"N kò mọ̀ọ́mọ̀." Ó gbé ìlù kọ́ èjìká, ó sì padà sórí ẹní. "Ọmọ mi, ǹjẹ́ o lè yọ ibẹ̀ kúrò, kí n tún un pè?"

Mo ní mo lè ṣe é. Mo wo gain, ó wà níbi tí mo fi í sí. Mo tẹ bọ́tìnì pupa, mo sì gbé ọwọ́ sókè kó mọ̀ pé ó ti ń lọ.